Kí ni Yánníbo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ kọ fanfic lédè Yorùbá

Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Aṣọ ẹbí mẹ́tàlá wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ Sátidé, jẹnẹrétọ̀ ò lépo, ooru sì mú débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹsẹ̀ wa máṣíìnì. Ni mo bá ní kí n pàlọ́ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo pa ti Ìjàpá àti àsèje, èyí tí gbogbo yín mọ̀: Yánníbo ò rọ́mọ bí, Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ, babaláwo se àsèje lé e lọ́wọ́, ó ní kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ wò, ó lá ìkòkò mọ́ féfé, ikùn wú, ó sáré padà lọ ń kọrin ẹ̀bẹ̀. Bí mo ṣe parí, èyí tó kéré jù nínú wọn, tó ń gán bọ́tìnnì lọ́wọ́, gbójú sókè.

"Àǹtí, Yánníbo wá ńkọ́?"

Mo ní àlọ́ ti parí.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé òun kọ́ ni wọ́n sebẹ̀ fún ni? Kí ló ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

N ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Nígbà tí mo délé, mo kọ ojú-ewé mẹ́rin sínú ìwé tí mo fi ń gba ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Ẹ̀yìn ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ìbàdí aya ẹlòmíràn. Ohun tí mo kọ yẹn làwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní fanfic: kéèyàn mú ìtàn tó ti wà, tó fẹ́ràn dénú, kó fi àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kọ òmíràn lé e. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ti kọ èyí tó dáa, mo ti kọ ìdọ̀tí, ìdọ̀tí ló sì kọ́ mi níṣẹ́ jù.

Ibi tí ìtàn ti dákẹ́

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ síbi tí ìtàn ti dùn jù. Á mú ibi tí Ìjàpá ti ń jẹ ọbẹ̀, á tún un sọ, á fi iyọ̀ àti ata kún un. Kò sí àyè níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà tó ń pàlọ́ yìí ká tó bí wa ti jẹ ẹran ibẹ̀ tán, wọ́n ti fa mùdùnmúdùn inú egungun. Ẹ yà sí ibi tí àlọ́ ò yà sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń fa ìlà sáàárín ojú-ewé kan. Lọ́wọ́ ọ̀tún, mo kọ ohun tí ìtàn sọ, mi ò ní fi tèmi bù mọ́ ọn. Fún àlọ́ àsèje: Yánníbo ò bímọ. Ìjàpá ló lọ. Babaláwo kìlọ̀. Ọbẹ̀ náà ń ta sánsán. Ìjàpá jẹ ẹ́. Ikùn wú. Ó padà lọ bẹ babaláwo, ó sì ń purọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ náà, ó ní gbòǹgbò ló yọ òun lójú ọ̀nà, tí ọwọ́ òun fi kan ọbẹ̀, tí òun fi mú un kan ẹnu.

Lọ́wọ́ òsì ni mo kọ ohun tí ìtàn ò sọ. Ta ló sanwó fún babaláwo? Kí ló dé tí kì í ṣe Yánníbo ló lọ gbé ọbẹ̀ ara rẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ pé ọkọ òun lọ? Bó bá mọ̀, ṣé ó ti fọ àwo sílẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ rí Ìjàpá lójú ọ̀nà pẹ̀lú ikùn yẹn, ilé ta sì lẹni náà gbà lọ láti lọ sọ ọ́? Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ńkọ́, ṣé babaláwo se òmíràn?

Ẹ má kọ gbogbo wọn. Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìbéèrè tó bá ń tẹ̀ lé yín dé balùwẹ̀, òun lẹ ó kọ. Tèmi, ọ̀rọ̀ àwo yẹn ni kò jẹ́ n gbádùn. Mo ń rí obìnrin kan tó ti fọ àwo, tó dojú rẹ̀ dé kí eruku má bà á, tó wá jókòó tì í. Gbogbo ìtàn mi tinú àwo yẹn jáde.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí ojú-ewé yìí: ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ ba ọwọ́ ọ̀tún jẹ́. Bí ẹ bá ní Ìjàpá ò jẹ ọbẹ̀, a jẹ́ pé ìtàn mìíràn lẹ ń kọ. Ẹ lè kọ ọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò tó wọlé.

Nígbà mìíràn, ibi tí ìtàn dákẹ́ sí máa ń wà níbi tá a ti ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ wo òwe tó ní àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ìjàpá jalè lóko àna rẹ̀, àna mú un, ó dè é mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà. Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ ní ó tọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣì bá a níbẹ̀, wọ́n ní àna yìí mà burú o. Òwe sọ àlọ, ó sọ àbọ̀. Kò sọ ọ̀sán. Ta ló fún un lómi? Ṣé òjò rọ̀? Bó bá jẹ́ pé bàbá Yánníbo ni àna yẹn, apá ibo ni Yánníbo kọjú sí lọ́jọ́ náà? Odidi ọjọ́ kan ló ṣófo láàárín òwe kan, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ti kọ ìtàn méjì nídìí ẹ̀, ó sì tún ku.

Èwo nínú rẹ̀?

Àwọn tó ń kọ fanfic lórí fíìmù tàbí ìwé ò ní wàhálà yìí. Tiwọn wà lákọsílẹ̀, wọ́n lè ṣí i wò. Àlọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá mi ṣe ń pa ti àsèje n'Ísẹ́yìn, ibi ẹ̀bẹ̀ ló parí sí. Nílé ọkọ mi, Ìjàpá kú. Mo kọ tèmi bí ẹni pé ti ìyá mi nìkan ló wà láyé, òǹkàwé kan láti Èkìtì sì bá mi jà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ní mo jí òkú dìde.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń kọ ìlà kan sókè pátápátá: "Nínú ìtàn yìí, Ìjàpá ò kú." Ó tán. Ẹ mú ọ̀kan nínú bí wọ́n ṣe ń pa á, ẹ dúró tì í, ẹ má jẹ́ kó kú ní ojú-ewé kejì kó tún máa rìn ní ojú-ewé kẹfà.

Pásítọ̀ Ìjàpá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ alẹ́ Yánníbo, mo jẹ́ kí Ìjàpá wọlé, kó dọ̀bálẹ̀, kó sunkún, kó ní òun ti ṣẹ̀, òun ò sì ní dán irú ẹ̀ wò mọ́ láyé. Omi bọ́ lójú èmi fúnra mi. Mo kà á fáwọn ọmọ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ oníbọ́tìnnì yẹn ní, "Àǹtí, ẹni tí ẹ kọ yìí kì í ṣe Ìjàpá o. Pásítọ̀ ni."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ìjàpá lè kábàámọ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí Ìjàpá ni kó ṣe kábàámọ̀, kì í ṣe bí èmi. Nígbà tí mo tún un kọ, ó ru iṣu mẹ́ta wálé láti fi tu ìyàwó rẹ̀ lójú. Ó rọra sọ̀ ọ́, ó ṣojú fọ́ọ̀ bí ẹni ìyà ń jẹ. Yánníbo gbé ọ̀kan, ó yí i wò, ó sì rí àmì ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ máa ń fi sórí gbogbo iṣu oko rẹ̀. Ọkùnrin yìí bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Iṣu olè ló fi bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní pásítọ̀ mọ́.

Kí ẹ tó kọ ẹ̀dá kankan, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí kò lè ṣe láéláé sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ̀kan tó lè ṣe tó máa ya èèyàn lẹ́nu. Ìjàpá ò lè ṣiṣẹ́ oko ọjọ́ méjì tẹ̀léra. Kò lè gbọ́ òórùn oúnjẹ kó kọjá. Kò lè jẹ́wọ́ kó má tọ́jú irọ́ díẹ̀ sínú ìjẹ́wọ́ náà. Ohun tó lè ya èèyàn lẹ́nu ni pé ó lè fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ náà. Kékeré ni o, ìwọ̀n ìka kan. Mo lo ìwọ̀n ìka yẹn ní orí kẹta, àwọn èèyàn sì kọ̀wé sí mi lórí ẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Ti Yánníbo le díẹ̀, torí pé àlọ́ ò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí ìtàn ò bá sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ ni òǹkọ̀wé máa ń tètè sọ di áńgẹ́lì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Nínú tèmi, Yánníbo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Ìjàpá á jẹ ẹ́. Ta ló máa fẹ́ Ìjàpá fún ọdún mẹ́wàá tí kò ní mọ̀? Ó jẹ́ kó lọ torí pé ẹnu ìyá ọkọ àti ẹnu àdúgbò ti sú u, ó fẹ́ kí ẹ̀bi kúrò lórí òun fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Síbẹ̀ ó fọ àwo. Bí ẹ bá lè rí nǹkan méjì tí kò bára mu báyìí nínú ẹ̀dá kan, ẹ ò ní wá ọ̀rọ̀ tì mọ́.

"Ẹ" àti "o"

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́, torí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i tí àwọn èèyàn ń fi nǹkan olówó iyebíye ṣòfò. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, "ẹ" ló sì máa ń bá a sọ. Òǹkọ̀wé kan á jẹ́ kí Yánníbo máa sọ "o" fún Ìjàpá láti ìlà àkọ́kọ́, torí pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù tí wọ́n tú sí Yorùbá ló ń fetí gbọ́. Nígbà tí ìjà bá wá dé, kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ wo ibi tí Ìjàpá ti wọlé nínú tèmi. Ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Yánníbo dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ọ̀nà yẹn mà jìn o."

"Ó jìn gan-an ni, aya mi."

"Ṣé kí n gbé omi wá fún yín? Àbí ẹ ti jẹun?"

Ìjàpá ní òun ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Ó ń sọ ọ́ ni ikùn rẹ̀ ń kùn. Yánníbo ò sọ̀rọ̀. Ó gbé àwo tó dojú dé nílẹ̀, ó ṣí i sókè, ó fi aṣọ nù ún bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́. Ó wá ní:

"Ìjàpá. Ṣé o yó?"

Mi ò kọ pé inú bí i. Mi ò kọ pé ohùn rẹ̀ yí padà. Orúkọ tí kò pè rí àti "o" tí kò sọ rí ti parí iṣẹ́. Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bí "ẹ" mẹ́rin márùn-ún ò bá ti ṣáájú ẹ̀, torí náà ẹ fi sùúrù to "ẹ" yín jọ bí ẹni ń to owó jọ. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan tó wá gba bùbá rẹ̀ ṣe "Hẹ̀n!", ó sì jókòó. Wákàtí kan kọjá kó tó rántí bùbá.

Ìjàpá pẹ̀lú babaláwo, "ẹ" ni, "Baba" ni, pàápàá nígbà tó bá ń purọ́. Èèyàn méjì tó jọ jẹ́ ẹgbẹ́, bí Ìjàpá àti Ajá, "o" ni wọ́n máa ń bára wọn sọ. Nígbà tí Ìjàpá bá ṣàdédé sọ "ẹ" fún Ajá, òǹkàwé yín á mọ̀ pé ó fẹ́ yáwó.

Arẹwà kan tó ń ránṣọ

Ẹ lè mú ẹ̀dá tuntun wọnú ìtàn àtijọ́. Mo mú ọ̀kan wọ̀ ọ́ lọ́dún kejì: obìnrin arẹwà kan tó ń ránṣọ, tó gbọ́n, tí gbogbo ẹranko inú igbó ń wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, tó bá Yánníbo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ìbànújẹ́ Yánníbo sì poora. Nígbà tí mo kà á tán, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo ilẹ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ̀yin mà ni."

Gbogbo òǹkọ̀wé fanfic ló ń ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, ẹ ṣe é kó tán lára. Bí ẹ bá wá fẹ́ tún un ṣe, ẹ gbé gbèsè lé ẹ̀dá tuntun náà lórí. Aránṣọ mi ṣì wà nínú ìtàn báyìí, ṣùgbọ́n ó ti gba owó aṣọ ìkómọ lọ́wọ́ Yánníbo lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò rán an, ó sì ń gba inú igbó ẹ̀yìnkùlé kọjá kó má bàa pàdé rẹ̀. Ó di èèyàn.

Ẹ má sì pe gbajúmọ̀ méjì pọ̀ bí agbára yín ò bá ká a. Mo ti gbìyànjú láti mú Àjàntálá, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, wá bá Ìjàpá gbélé. Mo kọ orí mọ́kànlá. Àwọn méjèèjì ń fi ọgbọ́n àrékérekè bá ara wọn dù ú, kò sẹ́ni tí ọgbọ́n ẹ̀ bá hàn mọ́. Ó wà nínú fóònù mi títí dòní, n ò lè pa á rẹ́, n ò sì lè parí ẹ̀.

Ìjàpá ní Bódìjà

Àwọn mìíràn fẹ́ gbé ẹ̀dá àtijọ́ wá sínú ìlú òde òní. Ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn wọ Ìjàpá ní ṣòkòtò jíǹsì. Ẹ tú ìtàn palẹ̀ bí ẹni tú aṣọ, kẹ́ ẹ rí oríkèé rẹ̀. Àlọ́ àsèje ní mẹ́rin: ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni fún ẹlòmíràn, ìkìlọ̀, ọ̀nà tó jìn tí kò sẹ́ni tó ń woni, àti ẹ̀rí tí kò ṣeé fi pamọ́.

Nínú ti Bódìjà, Ìjàpá ń ṣe ajẹ́ǹtì ilé. Àsèje di owó àjọ tí àwọn obìnrin ìta wọn dá jọ, ₦400,000, kí Yánníbo lè fi tọ́jú ara rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ìkìlọ̀: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Ọ̀nà tó jìn di ọjọ́ mẹ́jọ tí dókítà ò fi sí nílé. Ikùn tó wú ló gbà mí lọ́sẹ̀ méjì, torí ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò máa pariwo fúnra rẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ tí fóònù mi ń dún lórí tábìlì. Nọ́ńbà Yánníbo ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà. Gbogbo ìgbà tí Ìjàpá bá gbowó, álàátì á wọlé sórí fóònù ìyàwó rẹ̀: ₦5,000. ₦12,000. ₦3,500. Yánníbo ń ka oúnjẹ ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ìtàn tó lẹ́ni tó ni ín

Àlọ́ ò lẹ́nì kan tó ni ín, gbogbo wa ló ni ín. Ìwé lẹ́ni tó ni ín. Mo fẹ́ràn D. O. Fágúnwà bí gbogbo ẹni tó ka Yorùbá nílé ìwé, mo sì ti kọ fanfic lórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938. Ibi tó dákẹ́ níbẹ̀ ń fa ọkàn mi. Nígbà tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé náà, fẹ́ bá àwọn yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó, ìyàwó tó yẹ kó gbé dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kàkó yọ àdá, ó ṣá a pa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn tẹ̀ lé àwọn ọdẹ. Èmi dúró lẹ́yìn. Ta ló lọ sọ fún ìyá obìnrin yẹn?

Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀, yóò di ìparí ọdún 2033 kí ìwé rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Nítorí náà, mi ò ta ìtàn Kàkó, mi ò gbowó kà á fún ẹnikẹ́ni, orúkọ Fágúnwà ló wà lókè rẹ̀ kí tèmi tó tẹ̀ lé e, mi ò sì gé ìpínrọ̀ kankan nínú ìwé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tèmi. Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe pẹ̀lú ìwé ẹnikẹ́ni nìyẹn, àgàgà ẹni tó ṣì wà láyé.

Ẹ má sì gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Mo gbìyànjú rí. Gbólóhùn Fágúnwà máa ń gùn, ó máa ń rọ́ tìlù tìfọn, á sì balẹ̀ ní gẹ́gẹ́. Tèmi gùn, ó ṣubú. Ẹ yá ẹ̀dá rẹ̀, ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn òṣèré àti olórin tó wà láyé, tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn ìfẹ́ lé lórí? Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ọmọ tó mọ̀wé kà.

Orin

Àlọ́ tó lórin máa ń fi orin ṣiṣẹ́, kì í fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ìjàpá purọ́ nínú orin torí pé ẹnu kì í kọsẹ̀ nínú orin. Bí ẹ bá fẹ́ fi orin sínú tiyín, ẹ dá tuntun, kó kúrú, kí ègbè rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí yóò yí ìtumọ̀ padà bó ṣe ń lọ. Tèmi tí Yánníbo ń kọ nídìí àwo rèé:

Ta ló jẹbẹ̀ tí wọ́n sè fún mi?
Ọ̀nà ló jẹ ẹ́.
Ta ló láwo tí mo fọ̀ sílẹ̀?
Ọ̀nà ló lá a.
Ọ̀nà tó jẹun, ṣé ikùn rẹ̀ ń wú?
Ẹ bá mi wọ̀nà wò.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó ń gbàgbọ́. Ìgbà kẹta tí wọ́n bá gbè é, kò gba nǹkan kan gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà.

Ọkọ tó sọnù

Ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò. Mo kọ ìtàn àkọ́kọ́ láìfàmì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yánníbo jáde síta ó ń bèèrè "oko mi da?" Òǹkàwé kan bi mí bóyá ọkọ́ ni wọ́n jí lọ, torí ó mọ̀ pé ilé àgbẹ̀ ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, oko: ẹ̀kúnwọ́ ìdààmú. Gboard, àpù tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní bọ́tìnnì Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, èmi sì ń fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ láti Mọ́kọlá dé Òjòó. Àwọn fóònù kan tó ti gbó máa ń sọ ẹ́ àti ọ̀ di àpótí kékeré òfìfo. Fún àwọn tó ní irú ẹ̀, mo máa ń sọ ìtàn di PDF kí n tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́

Kí ẹ tó jẹ́ kí ìtàn jáde, ẹ kà á sókè fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹni tó jókòó kalẹ̀ láti gbọ́ yín á parọ́ fún yín nítorí ìtìjú. Èmi kì í bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bóyá ó dùn. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Níbi tí máṣíìnì ti dákẹ́, ìtàn ń lọ dáadáa. Níbi tí máṣíìnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà, mo fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé náà. Alẹ́ ni mo tó ń wo ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, èmi ni mo ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré. Alẹ́ kan, èèyàn méjì, àwo kan. Ẹni tó bá ní orí ogójì lọ́kàn kó kọ́kọ́ parí ojú-ewé mẹ́rin.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Archive of Our Own, ìkànnì fanfic tí wọ́n ń pè ní AO3, ni mo gbé tèmi sí. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 ló dá a sílẹ̀, wọ́n ṣí i fún aráyé lọ́dún 2009, ó sì gba Hugo, àmì ẹ̀yẹ àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 2019. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn polówó ọjà níbẹ̀, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ sọ irú ọjọ́ orí tí ìtàn wà fún, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ ohun tó lè dun èèyàn nínú rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìkìlọ̀ yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé àlọ́ ni, ta ni àlọ́ máa dùn? Obìnrin kan kọ̀wé sí mi pé ọdún kọkànlá rèé tí òun ti ń retí ọmọ, òun ṣí ìtàn mi láàárín òru láti fi rẹ́rìn-ín Ìjàpá, òun sì bá ara òun nídìí àwo. Kò bínú. Ó kàn ní kí n máa sọ fún èèyàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lókè ìtàn náà báyìí ni pé ó dá lórí àìrọ́mọbí, ó ṣáájú orúkọ mi.

Ọmọ oníbọ́tìnnì ti gba òmìnira lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń wá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní òun náà ti ń kọ tòun. Mo bi í pé ìtàn ta ló ń kọ. Ó ní ti gbòǹgbò ni.

"Gbòǹgbò wo?"

"Èyí tí Ìjàpá ní ó yọ òun, mà. Kò ṣe nǹkan kan, wọ́n sì ti ń fi kọrin káàkiri láti ìgbà náà."

Mo ní gbòǹgbò ò lẹ́nu. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni Yánníbo kò lẹ́nu kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ nígbà náà, kó má ju ojú-ewé méjì lọ. Ó ti pé méje báyìí, gbòǹgbò ò sì tíì sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ló ṣì ń kà.